Wúrà wo lẹ ń wá? Àkọlé eré tẹlifíṣàn tó bá nǹkan mìíràn jẹ́ orúkọ kan náà

Rìmóòtù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ ká yanjú ẹ̀ kí n tó fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́.

Mo kọ àyọkà kan síbí, lórí Wikipedia Yorùbá wa, nípa Wura, eré Showmax tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, èyí tí Scarlet Gomez jẹ́ olórí òṣèré níbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e síta, mo ní Yorùbá ni wá, a kì í kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Mo tẹ Wúrà. Ni mo bá bá ara mi lójú-ewé irin olówó iyebíye: Au, nọ́ḿbà 79, gbogbo ẹ̀. Mo padà sẹ́yìn, mo tẹ Wura láìsí àmì. Wọ́n ní kò sí ojú-ewé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé kí n dá a sílẹ̀ tó bá wù mí. Mo dá a sílẹ̀. Bó ṣe wà báyìí nìyẹn: Wúrà ni góòlù, Wura ni eré.

Ó kọ́kọ́ jọ ọgbọ́n lójú mi. Àfi bí mo ṣe jí láàárọ̀ yìí tí mo rí i pé ẹnì kan ti fi líǹkì sí ojú-ewé mi láti inú àyọkà kan tó dá lórí ìwakùsà. Wúrà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń sọ, kò kàn fi àmì sí i ni. Ẹni tó bá wá tẹ líǹkì yẹn, tó ń retí òkúta, Scarlet Gomez ló máa bá pàdé.

Kí ni kí n ṣe? Mo rí i pé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ọ̀rọ̀ sínú àkámọ́ lẹ́yìn àkọlé. Ṣé káwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ ni, àbí àmì ohùn ti tó?

Bàbá_Àmì_Ohùn
Ọmọ mi, o káre tí o béèrè.

Èmi ni mo máa ń pariwo àmì ohùn jù nínú ilé yìí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Èmi náà ni màá wá sọ fún ọ pé àmì ohùn kọ́ la fi ń ya àkọlé méjì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà sọ́tọ̀. Orúkọ eré yẹn, Wúrà ni. Wúrà lorúkọ obìnrin tó wà nínú ẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìwakùsà wúrà ló sì ń darí. Àwọn tó ṣe é mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi orúkọ náà dárà ni. Pé wọn ò fi àmì sí i lára pátákó ìpolówó ò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mìíràn. Tí a bá wá fi Wura gbalasa sílẹ̀ fún eré, tí a fi Wúrà sílẹ̀ fún góòlù, ohun tí à ń sọ fún òǹkàwé ni pé àṣìkọ lorúkọ eré náà, kó sì rántí pé ẹni tó bá ń ṣàṣìkọ, eré ló ń wá.

Ibi tí ohùn ti yàtọ̀ lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ògún òrìṣà, Ògùn odò, ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fọ́mọ, ogun tí wọ́n ń jà: mẹ́rin ni, kálukú ló ní ilé tirẹ̀. Síbẹ̀ náà, ẹ wo bí ti ìkẹyìn yẹn ṣe le tó. Ohùn àárín méjì ni ogun jíjà ní, kò gba àmì kankan lórí. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́ dáadáa àti ẹni tó ń wá òrìṣà tí fóònù rẹ̀ ò ní àmì, nǹkan kan náà ni wọ́n máa tẹ̀. Àfi ká kọ ìlà kan sókè ojú-ewé ogun jíjà: bó bá jẹ́ òrìṣà lẹ ń wá, ẹ yà síbí, bó bá jẹ́ odò, ẹ yà sọ́hùn-ún.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi o. Kí ló dé tí a ò kúkú gbé góòlù kúrò, ká pè é ní Wúrà (irin), ká fún eré lórúkọ náà? Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń tẹ Wura sórí fóònù, kì í ṣe kẹ́mísírì ni wọ́n ń wá.

Ìyá_Ìbejì_Òǹkọ̀wé
Ọ̀dọ́, ìwọ ni mo wá bá.

Ní àdúgbò wa, Táíwò mẹ́ta ló wà, mo sì bí ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ẹyọ kan péré wà, Táíwò náà ni gbogbo ayé ń pè é, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún un. Ọjọ́ tí èkejì kó dé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Táíwò Alápatà. Ẹ kíyè sí i pé èyí tó dé lẹ́yìn ni wọ́n fún ní àfikún, wọn ò lọ gba orúkọ lọ́wọ́ ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí tèmi dé, ó di Táíwò Kékeré. Iṣẹ́ ọwọ́, ọjọ́ orí, apá ibi téèyàn ń gbé: ohun tó bá ti lè jẹ́ kí ẹni tó ń pè é mọ ẹni tó ń pè ni wọ́n mú. Iṣẹ́ tí àkámọ́ ń ṣe náà nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Góòlù ni Táíwò àkọ́kọ́. Òun làwọn baba wa ń pè ní wúrà kí tẹlifíṣàn tó dé Ìbàdàn ní 1959, ara òun náà sì ni wọ́n ti yọ orúkọ obìnrin inú eré yẹn. Bí eré bá gbajúmọ̀ lónìí, tó bá di ọdún mẹ́wàá sí i ńkọ́? Ẹni tó bá ń kọ̀wé lórí ọjà Dubai, lórí ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó, lórí òwò àwọn ará Ghana àtijọ́, Wúrà ni gbogbo wọn máa fi líǹkì sí, wọn ò ní rántí wo àkámọ́ kankan. Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé máa darí sí láìròtẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ohun tí wọ́n ń wá sí.

Rìmóòtù
Ó yé mi, mà. Ẹ ṣeun. Kí ni ká wá kọ sínú àkámọ́ náà? Mo ti rí "eré orí tẹlifíṣàn", mo rí "ètò tẹlifíṣàn", mo rí "eré amóhùnmáwòrán", mo tún rí ẹnì kan tó kọ "sísísì". Èmi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Àmì_Ohùn
Ètò àti eré kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìròyìn, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìdíje, Big Brother Naija, ètò ni gbogbo ìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ ìtàn fún wọn kí wọ́n wá ṣe é (èyí tó wù yín lẹ lè máa jiyàn lé lórí nípa Big Brother, mi ò sí níbẹ̀). Ibi tí òṣèré bá ti ń ṣe ẹni tí kì í ṣe, eré ni. Tinsel, eré ni. Checkmate, eré ni.

Ní ti tẹlifíṣàn àti amóhùnmáwòrán, méjèèjì dára, ká ṣáà mú ẹyọ kan. Tẹlifíṣàn ló wà lẹ́nu èèyàn, òun ló sì kúrú. Àkámọ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń fi Yorùbá jinlẹ̀ hàn.

Ẹlòmíì á ní "eré tẹlifíṣàn" ò sọ pé alápá púpọ̀ ni. Kò pọn dandan kó sọ ọ́. Ìlà àkọ́kọ́ nínú àyọkà máa sọ ọ́. Ká má ṣe kó ìtumọ̀ nǹkan náà tán sínú àkámọ́, kó ṣáà ti yà á kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Mo rí àkọlé kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, "(2018 eré tẹlifíṣàn)". Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ṣé "dúdú ilé" lẹ máa ń pe ilé dúdú ni? Orúkọ ló ń ṣíwájú, ohun tó ń júwe ẹ̀ á tẹ̀ lé e: eré tẹlifíṣàn ti 2018, eré tẹlifíṣàn Nàìjíríà. Ẹni tó da ti elédè Gẹ̀ẹ́sì kọ láìyí i padà ló fa ìyẹn.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Hàà, Bàbá, èmi ni mo ṣe ìyẹn. Charmed ni. Ẹ má bínú, mo máa tún un ṣe.

Ó dà bíi pé orílẹ̀-èdè ló yẹ kí n fi sí i nígbà yẹn, àbí? Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ti The Office.

Rìmóòtù
Ti Charmed ò lè rí bẹ́ẹ̀. The Office ti Bírítéènì bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ti Amẹ́ríkà ní 2005, orílẹ̀-èdè yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere. House of Cards náà rí bẹ́ẹ̀: ti Bírítéènì 1990, ti Amẹ́ríkà 2013. Ṣùgbọ́n Charmed ti 1998 àti ti 2018, Amẹ́ríkà ni méjèèjì. Dynasty ti 1981 àti ti 2017, bákan náà. Tí o bá kọ Amẹ́ríkà sára wọn, o ò tíì ṣe nǹkan kan. Ọdún ló kù.

Ọdún tó kọ́kọ́ jáde ni o, kì í ṣe ọdún tó parí, kì í ṣe ọdún tí ìwọ wò ó.

Ìyá_Ìbejì_Òǹkọ̀wé
Èmi fẹ́ràn orílẹ̀-èdè ju ọdún lọ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, torí òun ló máa ń wà lọ́kàn èèyàn. Ẹ wo Checkmate. Lọ́dọ̀ àwa tó dàgbà ní àwọn ọdún 1990, ti Amaka Igwe nìkan ló wà láyé. Ann Haatrope, Ṣẹ́gun Kadiri, Chief Fújì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń rán ọmọ níṣẹ́. Àfi ìgbà tí mo wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo rí i pé eré mìíràn wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Checkmate, láti 1960 sí 1962! Tí ẹ bá bi mí pé ọdún wo ni tiwa bẹ̀rẹ̀, mo máa ronú kí n tó sọ pé 1991. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní "ti Nàìjíríà", mo ti dé ibẹ̀.

Ìbéèrè mi wá ni pé bí a ò bá tíì ní àyọkà lórí ti Amẹ́ríkà, ṣé dandan ni ká kọ Nàìjíríà sára tiwa?

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Mo rò pé ká tètè kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan máa kọ ti Amẹ́ríkà.

Bàbá_Àmì_Ohùn
Ọjọ́ yẹn la máa sún un lọ sí àkọlé tuntun. Ìyá Ìbejì ti dáhùn tẹ́lẹ̀: wọn ò pe ẹnikẹ́ni ní Táíwò Alápatà kí Táíwò kejì tó dé.

Ibí gan-an la ti máa ń ṣìnà, a máa ń kó àkámọ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì láìwo ilé tiwa. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fi àkámọ́ sí Tinsel torí pé tinsel jẹ́ ọ̀rọ̀ kan lédè wọn, ohun dídán tí wọ́n fi ń ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́. Ní èdè wa, kí ló ń jẹ́ tinsel yàtọ̀ sí eré tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 yẹn? Tinsel ni kó máa jẹ́. Tiwa náà sì ní ìṣòro tí tiwọn ò ní. "Aláwàdà" ò ṣòro fún elédè Gẹ̀ẹ́sì, Moses Ọláìyá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ẹni tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni aláwàdà.

ỌmọKétu
Ẹ kú ìjókòó o. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti apá Bẹ̀nẹ̀, mo ní kí n fi ojú tèmi náà kún un, torí Bàbá ń sọ pé àmì ohùn ò tó, ó sì ku ibì kan tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dọ̀ wa, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi kọ́ wa, kì í ṣe ẹ àti ọ. Ìyẹn ò dà mí láàmú, ojú rí i pé wọ́n yàtọ̀, mo máa ń ṣe àtúnjúwe láti ọ̀kan sí èkejì, kí ẹni tó bá tẹ ọ̀kan lè bá ara rẹ̀ lórí èkejì. Èyí tójú ò rí ló pa mí. Mo fi líǹkì sí àyọkà kan lọ́jọ́ kan, pupa ló yọ, bíi pé kò sí àyọkà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo lọ wò ó, àyọkà wà. Mo padà wá, pupa. Mo fi àkọlé méjèèjì sí abẹ́ ara wọn, mo sún un tóbi títí tí lẹ́tà kan fi kún ojú fóònù. Ọ̀kan náà ni lójú mi. Ẹnì kan ló kọ́ mi pé kí n wo nọ́ḿbà tí ẹ̀rọ fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ti àkọlé, U+1EB9, ẹ odindi kan ni. Tèmi, e lásán ni, wọ́n wá fi ìlà òró tíńtín, U+0329, sí abẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì inú fóònù mi ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Tó bá jẹ́ àmì tóótó, U+0323, ni wọ́n fi sí abẹ́ e, ẹ̀rọ ibí á fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di ẹ kan ṣoṣo. Ti ìlà òró ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ó gbà pé lẹ́tà mìíràn pátápátá ni. Nítorí náà ojú-ewé méjì lè wà lórí eré kan, tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì, tí ẹni tó kọ èkíní ò sì mọ̀ pé èkejì wà.

Rìmóòtù
Ó jọ ti Hawaii Five-O! Ti 1968, lẹ́tà O ló wà níparí ẹ̀. Ti 2010, òdo ni, 0. Àwọn tó ṣe é ti yà wọ́n, àmọ́ ta ló ń wo ìyẹn? Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fi ọdún sára wọn ni.

Bàbá_Àmì_Ohùn
O ò rí i? Apostrófì inú Jenifa's Diary náà ńkọ́. Èyí tó gùn tààrà àti èyí tó tẹ̀, méjì ni wọ́n lójú ẹ̀rọ. Ẹ lo èyí tó gùn tààrà, kí ẹ ṣe àtúnjúwe láti ìkejì.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Aníkúlápó ńkọ́? Mo fẹ́ kọ ọ́ lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Fíìmù Kúnlé Afọláyan wà (2022), eré tó tẹ̀ lé e náà wà (2024). Àwọn yìí tiẹ̀ fi àmì sí orúkọ wọn, inú Bàbá á dùn.

Bàbá_Àmì_Ohùn
Inú mi dùn dé gongo.

Ìyá_Ìbejì_Òǹkọ̀wé
Ìwọ náà gbàgbé ẹnì kan. Kí fíìmù yẹn tó jáde, bí ẹnì kan bá dárúkọ Aníkúlápó lásán níbikíbi nílẹ̀ yìí, Fẹlá ló ń sọ. Òun ló yọ Ransome kúrò, tó fi Aníkúlápó rọ́pò, ó ní òun ti fi ikú sápò. Òótọ́ ni pé orúkọ rẹ̀ ni àyọkà rẹ̀ ń jẹ́, síbẹ̀ àwọn tó máa tẹ Aníkúlápó nítorí tirẹ̀ ò lè tán.

Mẹ́ta ni wọ́n, kò sì sí èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni gbogbo èèyàn ń wá. Nítorí náà, kí Aníkúlápó lásán jẹ́ ojú-ewé ìṣojútùú, kó to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kí òǹkàwé mú tirẹ̀. Fíìmù á máa jẹ́ Aníkúlápó (fíìmù), kò nílò ọdún, ẹyọ kan ni. Eré náà ò nílò àkámọ́ rárá, torí àwọn tó ṣe é ti fún un ní ìrù tirẹ̀: Aníkúlápó: Rise of the Spectre. Bí àwọn aṣeré bá ti ya ara wọn sọ́tọ̀, ká má tún yà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Ṣé kí n túmọ̀ ìrù náà sí Yorùbá? Ó ń hàn mí léèmọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá ó parí sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá_Ìbejì_Òǹkọ̀wé
Rárá o. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ la máa pè é. Ẹnì kan ti túmọ̀ The Village Headmaster síbí rí, Ọ̀gá Ilé-ìwé Abúlé ni wọ́n pè é. Eré tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, tó ti ń bọ̀ láti 1968! Èmi tí mo wò ó lójú ara mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìtumọ̀ lè wà nínú ìlà àkọ́kọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó má wọ àkọlé.

Rìmóòtù
Ó dáa. Mo ti sún ojú-ewé mi lọ sí Wúrà (eré tẹlifíṣàn). Mo tún kọ ìlà kan sókè ojú-ewé góòlù: "Àyọkà yìí dá lórí irin olówó iyebíye. Fún eré ti 2023, ẹ wo Wúrà (eré tẹlifíṣàn)." Ó parí, àbí?

ỌmọKétu
Kò tíì parí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ líǹkì inú àyọkà ìwakùsà yẹn ni. Scarlet Gomez ṣì ni.

Bàbá_Àmì_Ohùn
Rìmóòtù, nígbà tí èèyàn bá sún ojú-ewé, orúkọ àtijọ́ kì í kú. Ó máa ń di àtúnjúwe fúnra rẹ̀, ibi tí o sún un lọ ló sì ń tọ́ka sí. Wura aláìlámì ṣì ń gbé èèyàn lọ sínú eré. Ṣí i, kí o yí i padà sí Wúrà gangan. Ẹni tó bá ń wá eré á rí ìlà tí o kọ sókè níbẹ̀, ìṣísẹ̀ kan péré ló kù fún un.

Àmọ́ kí o tó yí i, kọ́kọ́ lọ wo gbogbo ojú-ewé tó ní líǹkì sí Wura. Èyí tó bá jẹ́ ti òṣèré nínú wọn, eré ló ní lọ́kàn, tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àkámọ́ inú líǹkì bá ń dí ọ lójú, kọ [[Wúrà (eré tẹlifíṣàn)|]], kí o fi ọ̀pá òró yẹn sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sẹ́yìn ẹ̀. Tí o bá ti tọ́jú rẹ̀, Wúrà nìkan ni òǹkàwé máa rí.

Rìmóòtù
Mi ò mọ ti ọ̀pá yẹn rí! Láti ọdún yìí wá ni mo ti ń tẹ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti wò wọ́n. Mẹ́fà ni: mẹ́rin jẹ́ ti òṣèré, méjì jẹ́ ti ìwakùsà. Nínú àyọkà tèmi, mo tún fi líǹkì sí The River, eré Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n ti mú ìtàn Wura. Mo tún ti mẹ́rin ṣe, mo yí àtúnjúwe padà, àwọn awakùsà ti dé ilé wọn láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn wọ́n. Ti The River ló kù. Pupa ni líǹkì rẹ̀, àyọkà ò tíì sí níbẹ̀. Mo sì mọ̀ pé Amẹ́ríkà náà ní The River kan ní 2012.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Èwo nínú méjèèjì la ní níbí?

Rìmóòtù
Kò sí ìkankan.

Ìyá_Ìbejì_Òǹkọ̀wé
Ti Gúúsù Áfíríkà ni kó o kọ, The River lásán ni kó o pè é. Tí ẹnì kan bá kọ ti Amẹ́ríkà lọ́la, kó wá bá wa níbí.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Mo ti sún Charmed sí "eré tẹlifíṣàn ti 2018". Bàbá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti yí àtúnjúwe àtijọ́ padà pẹ̀lú.

Bàbá_Àmì_Ohùn
Mo ti rí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n "tẹlifíṣan" lo kọ, àmì já lórí à ìkẹyìn. Tún un sún.